Ẹnu Ọ̀nà Ilé Mak

Láti ọjọ́ tí àwọn oníṣẹ́ ìjọba ti kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ilé àwọn Poh Suan ní ìlú Melaka, ilé náà kò ṣe é gbé mọ́. Wọ́n fi okùn pupa yí àwọn àga ká, wọ́n fi yí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bí Poh Suan sí ká. Àlejò ń ti inú ọkọ̀ òkun bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ya fọ́tò ilẹ̀kùn tí bàbá bàbá rẹ̀ gbẹ́. Wọ́n ní ọlá ńlá ni. Ọlá tí kò jẹ́ kí onílé sùn nílé rẹ̀, ẹ bá mi wá orúkọ mìíràn fún un.

Poh Suan fúnra rẹ̀ ló sáré kí wọ́n kéde ilé náà bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn kan fẹ́ wó ilé náà kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Ó gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wó o, ó sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tó bí i. Mak, bó ṣe ń pe ìyá rẹ̀, kò bá a jà. Inú yàrá tí wọ́n háyà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá ń gún ata.

"Suan, ṣé kí n lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n lè wo bẹ́ẹ̀dì mi?"

"Mak, ẹ jọ̀ọ́ o."

"Mi ò ní jókòó lé e. Màá kàn wò ó ni."

Ohun kan ṣoṣo ni Mak bẹ̀bẹ̀ fún: kí òun kú sínú gbọ̀ngàn ilé náà, níwájú pẹpẹ àwọn bàbá ńlá, níbi tí wọ́n ti tẹ́ ọkọ òun àti ìyá ọkọ òun. Láàárín àwọn èèyàn wọn, ẹni tó bá kú síta kì í wọlé mọ́. Abẹ́ àtíbàbà létí títì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, bí ẹni tí kò nílé. Àwọn oníṣẹ́ ìjọba gbà pé bí òkú bá wà nínú ilé, àwọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò títí wọn á fi sin ín. Ṣùgbọ́n Tua Pek, ẹ̀gbọ́n bàbá Poh Suan, ni olórí ẹbí, òun ló ni àṣẹ pẹpẹ, ohun tó bá sì sọ labẹ́ gé.

Nígbà tí àìsàn gbé Mak dé ọsibítù, dókítà ní láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì pé kò lè yè é mọ́, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Poh Suan ránṣẹ́ sí Tua Pek. Razlan, aládùúgbò wọn, gbé mọ́tò rẹ̀ wá, wọ́n sì tẹ́ Mak sẹ́yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan ọmọ rẹ̀.

Orí afárá ni èémí Mak ti dúró. Poh Suan fọwọ́ sí ihò imú rẹ̀, ó gbé e kúrò, ó tún fi sí i. Kò sí nǹkan kan.

Razlan ń wò wọ́n nínú dígí. "Ṣé Mama ṣì wà?"

"Wọ́n wà. Ẹ ṣáà máa wà á lọ."

Razlan gbójú kúrò nínú dígí. Ó tẹná mọ́tò.

Poh Suan ti pinnu pé òun máa parọ́. Ojú Tua Pek ti ń ṣe bàìbàì. Bí wọ́n bá ti tẹ́ Mak sí gbọ̀ngàn, òun á figbe ta pé èémí ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ni. Ta ni yóò já a?

Ṣùgbọ́n òkú kì í dá sọdá omi. Ẹni tó bá kú lójú ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ọ̀nà hàn án, kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà dúró síbi tó kú sí. Poh Suan tẹ ẹnu mọ́ etí ìyá rẹ̀. "Mak, afárá rèé. Ẹ jẹ́ ká sọdá." Ní ìkóríta, ó tún sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èyí tó kù ni ti ẹnu ọ̀nà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú etí. Ohùn rara ni wọ́n fi ń pè é, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kùn sára ilẹ̀kùn kì í jẹ́ kí ẹ̀mí wọlé bí ọmọ ilé kò bá pè é. Bó bá sì pè é, Tua Pek á gbọ́.

Tua Pek dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n ti dá àlejò dúró, ó ti tu okùn pupa, ó ti tan tùràrí.

"Suan, ṣé ó ń mí?"

"Wọ́n ń mí, Tua Pek."

"Ẹ tètè gbé e wọlé. Mo ti tẹ́ ẹní sílẹ̀."

Razlan gbé ẹsẹ̀, Poh Suan gbé èjìká. Wọ́n dé ibi igi tó dábùú ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó kù kí Poh Suan gbé ẹsẹ̀ kọjá, kò sì lè gbé e. Bó bá dákẹ́, ara á wọlé, Mak fúnra rẹ̀ á wà lójú títì, á máa wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ títí ayé. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Mak!" Ohùn rẹ̀ dé òpin àdúgbò. "A ti délé. Ẹ máa tẹ̀lé mi bọ̀."

Tua Pek di ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Suan, a kì í pe ẹni tó ń mí bẹ́ẹ̀."

"Ilé wọn ni, Tua Pek. Ẹ ṣàánú mi."

"Ilé rẹ̀ ni. Ṣé èmi ni mo dá àṣà yìí sílẹ̀ ni?" Ó na ọ̀pá rẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà. Òun náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ̀.

Wọ́n tẹ́ Mak sétí títì, wọ́n ta àtíbàbà lé e lórí. Poh Suan jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn oníṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò padà, torí kò sí òkú nínú ilé. Wọ́n rọra bẹ Poh Suan pé kó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí àwọn èèyàn lè ríbi kọjá.