Ìgò Tí Oòrùn Gbẹ

"Dádì, omi inú àwọn ìgò yìí ńkọ́?"

Oyíndà dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní Kẹ́mta, àpò ṣì wà léjìká rẹ̀. Àwọn ìgò tó tò sójú fèrèsé ti dojú dé, wọ́n sì ń rùn fún ọṣẹ.

"Mo ti dà á nù," ni bàbá rẹ̀ dáhùn láti orí àga, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́. "Omi tó ti di aláwọ̀ ewé! Nínú ilé tèmi?"

Iṣẹ́ wolé-wolé ni bàbá rẹ̀, Alàgbà Ọláṣẹ̀hìndé, ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Láyé ìgbà náà, tó bá rí tanwíjí kan ṣoṣo nínú ìkòkò omi, omi ọ̀hún á bá ara rẹ̀ nílẹ̀ ni. Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò kúrò lára rẹ̀. Títí di òní, kì í sùn láìwọ abẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nẹ́ẹ̀tì ọ̀hún.

Oyíndà fẹ́ bínú, ẹkún ló dé. Yunifásítì ló ti ń kọ́ni nípa àwọn ohun abẹ̀mí onísẹ́ẹ̀lì kan, àwọn tíńtìntín tí ojú lásán kò lè rí, bí irú wọn ṣe pọ̀ tó àti bí ìran wọn ṣe ń yí padà láti ayébáyé. Nínú adágún kan ní Kọ́bapẹ́ ló ti rí irú kan tí kò jọ èyíkéyìí tó mọ̀. Torí pé iná ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé ló ṣe gbé wọn wálé.

"Omi ló ń pa ẹ́ lẹ́kún?" ni bàbá rẹ̀ wí. "Jẹ́ ká lọ bu òmíràn."

"Wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ dí adágún yẹn, Dádì. Ilé ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Tí mi ò bá rí wọn láàyè, mi ò lè mọ ìran tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Iṣẹ́ mi dànù nìyẹn."

Bàbá ṣí fìlà, ó tún un dé. "Ọ̀kan ṣì wà lẹ́yìnkùlé tí mi ò tíì fọ̀," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Oòrùn ti gbẹ ìgò náà, àfi ìlà àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Oyíndà rántí ohun tó máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: tí omi bá gbẹ, àwọn kan nínú wọn á ká jọ sínú èèpo líle, wọ́n á sùn títí omi á fi padà dé. Kò mọ̀ bóyá tirẹ̀ wà lára wọn. Ó da omi òjò sí i.

Láti ọjọ́ náà, ìkíni àárọ̀ nínú ilé yí padà. "Ẹ káàárọ̀, Dádì." "Ṣé wọ́n ti jí?" "Wọn ò tíì jí o." Bàbá á mirí bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Oyíndà kán omi náà sábẹ́ máíkírósíkópù, ó wò ó, ó sì pariwo. "Dádì! Ẹ wá o!"

Bàbá tẹ̀ ba, ó di ojú kan. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Eléyìí tó ń yí kiri yìí?"

"Òun ni, sà."

"Ó mà ń lọ o," ló wí jẹ́jẹ́. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ìgbà tó jáde, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ègé nẹ́ẹ̀tì funfun wà lósì. Ó fi bo ẹnu ìgò, ó sì so ó le.

"Ẹ̀fọn ò ní wọ ibẹ̀ mọ́," ló wí.

"Nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì yín nìyẹn, Dádì! Kí lẹ máa wá fi sùn?"

"Fi mí sílẹ̀. Èmi àtẹ̀fọn ti mọra tipẹ́."