Ojú Tó Wà Lábẹ́ Rọ́bà

Láti ìgbà tí ọmú obìnrin òṣèré kan ti ń dúró láìsí ìrànlọ́wọ́ ló ti ń ṣe Abàmì lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀dá inú ìràwọ̀ ni Abàmì, orí rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí elégédé, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé, òun ló sì ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú ṣe nígbàkígbà tí àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ bá bà á jẹ́ tán. Láàárọ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ rọ́bà mọ́ ọn lójú. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á ṣí i, awọ ojú á sì bá a lọ. Kò sọ́mọdé tí kò mọ Abàmì. Àmọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá ń kọjá láàárín wọn, ohun tí wọ́n á sọ ni pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ́nà, a ń gbá bọ́ọ̀lù."

Ìyẹn ò dùn ún. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń dùn ún. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló ń ránṣọ títí àbúrò fi kọ́ṣẹ́ eré. Ní báyìí, ojú ẹ̀gbọ́n ń lọ, dókítà sì ti ní apá òun ò ká a mọ́. Ẹ̀gbọ́n ò gbà ní tirẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ṣì ń ríran. Àbúrò fẹ́ kó rí ojú òun lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré, kí gbogbo rẹ̀ tó ṣókùnkùn.

Ló bá lọ bá olùdarí eré.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣíjú lẹ́ẹ̀kan."

"Màmá, tí Abàmì bá ṣíjú, ó tán nìyẹn. Àfi kó kú. Kó dùbúlẹ̀, ká ṣí rọ́bà, kí ayé rí i pé ojú èèyàn ló wà lábẹ́ ẹ̀."

"Ẹ pa á."

"Iṣẹ́ yín wá ńkọ́?"

"Mo ní ẹ pa á! Ta ló tún fẹ́ máa wọ́ ọmú tó ti délẹ̀ yìí kiri inú ìràwọ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì wọ yàrá aṣọ lọ, ó gbá rọ́bà yẹn mọ́ra bí ọmọ, ó sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n gbé ikú Abàmì sórí tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Sún, jàre, onídìí ńlá. O ti gba gbogbo àga."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jogún ẹ̀, Àǹtí mi. Èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fún mi."

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Abàmì ti dùbúlẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó rọra ṣí rọ́bà. Ojú rẹ̀ wá kún gbogbo ibẹ̀: iwájú orí tó hunjọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí gọ́ọ̀mù ti jẹ, ẹyinjú méjèèjì tó ń wò bí ẹni tó ń wá ẹnì kan ṣoṣo. Àbúrò di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Ẹ wò ó, Àǹtí mi."

Ẹ̀gbọ́n na ọrùn síwájú. "Nígbà wo lo máa jáde?"

"Èmi nìyẹn."

"Níbo? Iná nìkan ló ń tàn wàì."

"Ojú mi nìyẹn. Ojú mi ló gba gbogbo ibẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn ti àga. "Ta ló tún ń rójú èèyàn? Èmi tí mò ń kí aṣọ tó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìrìn ẹ ni mo fi ń dá ẹ mọ̀. Orí rọ̀bọ̀tọ̀ yẹn, àti ìdí tó ń lọ sọ́tùn-ún kó tó rántí òsì, bíi ti Màmá wa gẹ́lẹ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń rí ẹ. Á dà bíi pé ìwọ àti Màmá lẹ jọ ń kọjá." Ó gbá a nítan. "Sọ fún Abàmì kó dìde, kó rìn, kí n rí i."

Orin ìparí eré ti ń dún. Àbúrò dìde. Ó bọ́ síwájú tẹlifíṣọ̀n kí iná rẹ̀ lè wà lẹ́yìn òun, ó ń rìn láti ògiri dé ògiri, ìdí sọ́tùn-ún, ìdí sósì.

"Ẹ̀n-hẹ́n!" Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Òun nìyẹn! Àmọ́ kí ló ṣe orí ẹ̀? Ó ti kéré jù."

"Ó rù ni, Àǹtí mi."

"Ní kí wọ́n bá a tún un ṣe kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Màá sọ fún wọn," ni àbúrò wí. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, kò sì nu omi ojú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa rí i.