Ọjọ́ Tí Sájẹ́ǹtì Sọ Moríyọ̀ Kalẹ̀

Ní ọdún 2004, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Port Harcourt tí kò mọ Sájẹ́ǹtì Adésànyà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn ló wá mú níbẹ̀. Moríyọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń pọ̀n. Láàárọ̀, kó tó lọ sẹ́nu iṣẹ́, tòun ti aṣọ ọlọ́pàá tí wọ́n lọ̀ gan-an-gan, á bẹ̀rẹ̀ nídìí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Moríyọ̀ á dì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á sì gun àtẹ̀gùn títí dé kíláàsì tó wà lókè pátápátá. Òjò Port Harcourt kì í bèèrè àkókò, àtẹ̀gùn náà a sì máa yọ̀. Sájẹ́ǹtì á rọra máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Lọ́sàn-án, á tún wá gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹlikópítà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti rí fìlà rẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹnìkan á ní, "Helicopter don land o," wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì náà á rẹ́rìn-ín. Moríyọ̀ kì í rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú un, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbẹ. Bí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, kò sí ibi tí kì í fi ọ̀pá abẹ́ abíyá rẹ̀ dé. Ní Mgbuoba tí wọ́n ń gbé, òun ló ń dá lọ ra búrẹ́dì. Àtẹ̀gùn nìkan ló borí rẹ̀. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà á, fọ́ọ̀mù kan bèèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ní àìlera tó yẹ kí ilé-ìwé mọ̀. Moríyọ̀ fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé kò sí. Ó ní bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá ti gbọ́ pé arọ ni, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún láyè. Ṣebí ẹ̀yìn òun kò tíì kán.

Ẹ̀yìn kò kán lóòótọ́, àmọ́ tiransífà dé. Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ilé-ìwé wọlé ni ìwé wá láti Àbújá pé kí Sájẹ́ǹtì Adésànyà wà ní Bauchi láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá fún ọdún mọ́kànlélógún mọ̀ pé a kì í bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ jiyàn. Bó ṣe délé, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ di ẹrù Moríyọ̀ mọ́ tòun. Ọmọ náà á fi ilé-ìwé sílẹ̀ ná; bí àwọn bá dé ọ̀hún, àwọn á wá òmíràn.

Ìyá Moríyọ̀, tó ń ta òkìríkà, aṣọ àlòkù, ní ọjà Oil Mill, ń to ẹ̀wù lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Bàbá Moríyọ̀, bí wọ́n bá tún wá gbé yín kúrò ní Bauchi ńkọ́?"

Moríyọ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló sọ̀rọ̀. Ó ní kí àwọn padà lọ bá ilé-ìwé, kí àwọn sọ bó ṣe rí. Sájẹ́ǹtì ní, kí òun wá lọ máa wí pé irọ́ lòun kọ? Òun tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ lòun ń kìlọ̀ nídìí kántà àgọ́ pé ẹni tó bá kọ irọ́ sínú sítétímẹ́ǹtì, ẹ̀wọ̀n ló ń wá? Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Dádì, ẹ kọ òmíràn nau," ni Moríyọ̀ wí. "Ṣebí ẹ máa ń ní kí wọ́n wá kọ àfikún sítétímẹ́ǹtì."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Sájẹ́ǹtì fi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílé, àwọn méjèèjì sì lọ bá Màdámù Ibinabo, obìnrin Kalabari tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bá a níbi tó ti ń jẹ àgbàdo sísun. Sájẹ́ǹtì dúró ṣánṣán bí ẹni tó wà níwájú ọ̀gá, ó jẹ́wọ́ ohun tó kọ. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú.

Obìnrin náà kò bú u. Ó gbé àgbàdo sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ní láràárọ̀ làwọn ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Àwọn olùkọ́ tilẹ̀ ti dá a lábàá pé kí kíláàsì sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n wo fọ́ọ̀mù, wọ́n ní bóyá bí ìdílé náà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, kí àwọn má lọ tẹ́ ọlọ́pàá lójú ọmọ rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé-ìwé bá òun wá ọmọkùnrin mẹ́rin tó taagun, tí wọ́n á máa pín gbígbé Moríyọ̀ ṣe láàárín ara wọn.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ jókòó," ni Màdámù Ibinabo wí. "Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bi. Moríyọ̀, kí ni ìwọ fẹ́?"

Moríyọ̀ wo bàbá rẹ̀, ó wo obìnrin náà. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun mọ́. Kí kíláàsì wá sí yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń kó àga tó ti dá sí. Kí wọ́n fún òun ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ní òun tún fẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ àwọn olùkọ́.

Bàbá rẹ̀ ní, kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ olùkọ́ ṣe?

"Dádì, n kì í mu omi. Láti ìgbà tí mo bá ti jí títí ẹ ó fi gbé mi délé, n kì í mu ún. Ẹ̀yìn ilé ni tàwa akẹ́kọ̀ọ́ wà, àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ta ni kí n ní kó gbé mi lọ síbẹ̀?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nínú ooru yẹn. Sájẹ́ǹtì tó máa ń fọ́nnu pé kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ òun tí òun kò mọ̀ dorí kodò, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Màdámù Ibinabo gbé fọ́ọ̀mù tuntun sórí tábìlì. Ọwọ́ Sájẹ́ǹtì ti kan bírò kó tó rántí ara rẹ̀. Ó rọra ti bírò náà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ó dá lọ sí Bauchi. Lọ́jọ́ kejìlá tó débẹ̀, Moríyọ̀ pè é láti abẹ́ agbòòrùn àwọn tó ń fi ìpè fóònù ṣòwò létí títì. Ó ní kíláàsì iṣẹ́ mẹ́ta nínú èyí tí òun ń kọ́ ti sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan sì ń ráhùn pé yàrá náà gbóná. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ òun. Àmọ́ olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní títẹ̀wé kọ̀ jálẹ̀, ó ní máṣíìnì òun wúwo, kí Ẹlikópítà wá gbé ọmọ rẹ̀ gòkè bí tàtẹ̀yìnwá.

Sájẹ́ǹtì ní kó dárúkọ ọkùnrin náà. Àwọn kan ṣì wà ní àgọ́ òun àtijọ́ tó lè lọ kí i dáadáa.

"Dádì, abeg, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Mọ́ńdè ni wọ́n máa gbé máṣíìnì kan sísàlẹ̀ fún mi."

"Ta ló bá ọ kọ ọ́?"

"Èmi ni."

Moríyọ̀ wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé ejìká ń dun òun gan-an, torí ọ̀nà jìn láti géètì dé kíláàsì, pé kó má sọ fún Mọ́mì. Sájẹ́ǹtì ní òun ò ní sọ. Láti kékeré rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ náà máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún fún un, láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ bi í.