Òkúta Tí Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Fi Ránṣẹ́

3.

…ẹni tó bá sì mú òkúta wá gbọ́dọ̀ gbà á padà pẹ̀lú orúkọ òkúta náà àti ibi tó ti wá lára. A kì í dá òkúta padà láìlórúkọ.

(Ìkéde, lẹ́nu ọ̀nà iyàrá tí wọ́n ti ń bá aráàlú wo òkúta.)


4.

Bí obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyí. Á rẹ òkúta sómi, torí òkúta gbígbẹ a máa fi àwọ̀ rẹ̀ pamọ́. Á fi ọ̀bẹ họ ọ́ lábẹ́. Á kán ọtí kíkan sí i, bóyá á hó. Òkúta wẹ́wẹ́ tí omi ti fọ̀ dán máa ń jọra bí ọmọ ìyá. Aláìmọ̀kan á ní ìkan náà ni gbogbo wọn.


5.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ̀rín wọlé. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí, awakọ̀ katapílà, ní òun ń ṣiṣẹ́ lókè odò. Kò wálé láti ìgbà òjò tó kọjá. Òkúta ló fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ.

«Inú odò ẹ̀gbẹ́ ibi tí mò ń sùn ni mo ti ṣà á. Ẹ ní kí àǹtí yín bá yín wò ó. Dádì.»

Ó tún ní kí wọ́n wò ó! Ojú ọkùnrin yìí mà kú o.


6.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó pupa dáadáa, àbí?
ÀBÚRÒ: Ó pupa, ẹ̀gbọ́n mi.
Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ó lówó lórí?
ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi ná.


7.

Ọ̀bẹ wọ ọ́ wẹ́rẹ́. Amọ̀ tí iná sun ni. Ìdajì lẹ́tà tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ sí i lára ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì mọ lẹ́tà yẹn: ti ilé-iṣẹ́ iyọ̀ àtijọ́ tí òkun ń jẹ lẹ́yìn ọjà ẹja. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti iyàrá yìí.

Kì í ṣe ẹnu òun ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́. Ó pa ẹnu dé.


8.

BÍRÍKÌ. ÒKUN LÓ FỌ̀ Ọ́ DÁN, KÌ Í ṢE ODÒ.
ETÍKUN WA, LẸ́YÌN ỌJÀ ẸJA.


9.

Ẹnu ló kìlọ̀ fún. Ó gbàgbé ọwọ́.

Ọwọ́ tó ti ń lẹ orúkọ mọ́ òkúta láti ọjọ́ pípẹ́ kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.


10.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọjà ẹja wo? Èyí tí mo ti ń ra ẹja?
ÀBÚRÒ: Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi.
Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò jókòó! O ò lè purọ́ fún mi ni, ìwọ ọmọ ìyá mi? Òkúta ni mo ní kí o wò. Mi ò ní kí o wo ilé mi.


11.

Ó jáde. Àbúrò tẹ̀ lé e lókèèrè, ojú ń tì í.


12.

(Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù níbi tó dúró sí, létíkun, lẹ́yìn ọjà ẹja.)

«Dádì wọn, àwọn ọmọ dúpẹ́. Àǹtí wọn ní òkúta odò gidi ni. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?»


13.

«Odò ti kún. Ọ̀nà ti dí. Ẹ máa gbàdúrà fún mi.»