Mo Fi Orin Pe Agbálẹ̀

Inú kọ̀ǹpútà Ìbíwùmí, ọmọ ọmọ mi, ni mo wà. Sìmẹ́ńtì pupa ni ilẹ̀ ibẹ̀, bíi ti ilé wa ní Ìkìrun. Àwọn iṣẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí èèyàn: Adàkọ, Agbálẹ̀, Ayẹ̀wò àti Adẹrù. Kò sí èyí tó lè dìde àfi tí a bá pe orúkọ rẹ̀.

Gbogbo orin Àyọ̀ká, àbúrò mi tó ti kú, wà nínú yàrá kejì, wọ́n tò bí ẹyin nínú agbọ̀n. Ìbíwùmí fẹ́ dì wọ́n ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ará ilé wa. Kò sí wọn níbòmíràn mọ́ láyé.

Ìbíwùmí na ìwé tó fi JavaScript, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, kọ sí mi. Ó ní, "Màmá, inú ìwé yìí lẹ ó ti máa pè wọ́n. Ẹ pe Adàkọ. Ẹ dúró kó dáhùn pé òun ti ṣe tán, kí ẹ tó pe ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró o."

Mo ní, "Mo gbọ́, ìyá mi."

Ìwé kíkà mi ò tó nǹkan, ni mo bá fi orúkọ wọn kọrin:

Adàkọ o, dìde wá,
Agbálẹ̀ o, dìde wá,
Ayẹ̀wò, Adẹrù, ẹ jáde ká jó!

Orin náà dùn lẹ́nu mi. Ògiri ń bá mi gbè é. Mo jó, mi ò dúró gbọ́ èsì ẹnikẹ́ni. Adàkọ ṣì ń wá bírò rẹ̀ nígbà tí Agbálẹ̀ gbé ọwọ̀ wọ yàrá kejì. Nígbà tó fi máa jáde, ibẹ̀ ti mọ́ tónítóní, kò ku orin kan.

Ayẹ̀wò yọjú wò ó. Ó ní, "Mi ò rí àléébù kankan."

Adẹrù di òfìfo náà, ó so ó dáadáa, ó gbé e lọ fún gbogbo ará ilé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìbíwùmí béèrè ẹni tó pe Agbálẹ̀. Mo nàka sí Adàkọ. Adàkọ ò jiyàn, ó kàn tẹrí ba.

Agbálẹ̀ ní, "Ẹ̀yin lẹ pè mí, Màmá. Ohùn yín sì dùn."

Ojú tì mí, mi ò lè wo ojú ọmọ náà.

Àyọ̀ká wọlé, ó jókòó tì mí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin yìí náà! Ẹ ṣì máa ń dá orin kí wọ́n tó ní kí ẹ dá a?" Ó ní kí n má sunkún, pé òun á dá ọ̀kan fún mi. Ó lanu. Kò sí ohùn níbẹ̀.

Mo ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ títí dé ìgúnpá, mò ń wá ẹyọ orin kan. Ọwọ́ Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. Òun náà ń wá a.