Oko Bàbá Mi Lẹ́yìn Òkè Ìdèrè

Ọdún kẹrìnlélógójì tí mo ti ń gbé Jọ́ọ̀sì ni mo padà sí Ìdèrè láti lọ gba oko bàbá mi. Ìyàwó mi ti kú, ara mi ń fẹ́ ilé, mo sì ń rò ó pé màá kọ́ yàrá méjì síbẹ̀. Àmọ́ Ọláníyì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ló ti ń dá oko náà látìgbà tí bàbá ti lọ. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún un. Mo kàn ní, "Jẹ́ ká lọ wo oko."

Hàlímọ̀ bá wa lọ. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ka ìwé mẹ́fà.

Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí iná ẹ̀ẹ̀rùn jó dúdú ti ń rú ewé, òórùn ilẹ̀ tútù ń bá wa gun òkè. Hàlímọ̀ já èso igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú, ó bó o, ó ń lá ìyẹ̀fun inú rẹ̀, gbogbo ètè rẹ̀ pọ́n.

"Ìyá Làtíífàt, ẹ̀ ń lá igbá bí ọmọdé," mo ní.

"Ta ni Ìyá Làtíífàt ẹ? Ìwọ tí mo na ní ìwé kẹta! Gbà, lá tìẹ."

Ọláníyì ti ṣíwájú wa, ẹsẹ̀ ọlọ́dẹ ni tiẹ̀. Nígbà tí Hàlímọ̀ jókòó sórí àpáta láti sinmi, èmi rọra ń lọ síwájú. Mo dé oríta. Ewé tútù wà lójú ọ̀nà apá òsì, òkúta kékeré kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní Ọláníyì ló fi àmì sílẹ̀ fún mi. Mo gba ibẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹrẹ̀ fi mu mí dé orúnkún, ni mo bá figbe ta.

Àwọn méjèèjì ló wá fà mí jáde.

"O ò rí ewé ni?" Ọláníyì bi mí.

"Mo rí i. Òun ni mo tẹ̀ lé."

Hàlímọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. "Yéè! Ọ̀nà tí wọ́n fewé dí, òun ló gbà! Ọmọ ọdún márùn-ún ò jẹ́ ṣe é."

"Ẹ fi í sílẹ̀," Ọláníyì ní, "èdè Háúsá ni ewé ń sọ ní Jọ́ọ̀sì."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fewé dínà.

Lẹ́yìn òkè la ti bá oko náà: ebè lọ súà, pèrègún tò lọ ní ààlà.

"Mẹ́rin ni bàbá ẹ gbìn," Ọláníyì ní. "Èmi ló gbin ìyókù, kẹ́nikẹ́ni má bàa jẹ wọ ilẹ̀ ẹ." Kò wojú mi. "Mo mọ ohun tó o bá wá. Ṣáà jẹ́ kí n wa iṣu ọdún yìí tán."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti le bí èèpo igi. Tí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní mọ ọ̀nà ilé.

"Ta ló fẹ́ gbà á?" mo ní. "Mo wá wò ó ni."

"Òpùrọ́," Hàlímọ̀ ní, jẹ́ẹ́jẹ́.

Ọláníyì mí kanlẹ̀. Ó na ọkọ́ sí mi pé kí n kọ ebè kan. Mo kọ ọ́, ó wọ́. Kò tún un ṣe. Ó fún mi ní èèbù kan, mo sì gbìn ín síbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù ní Jọ́ọ̀sì níbí pé òun ti wa iṣu mi.

"Ṣé ó ta dáadáa?"

"Ó ta. Ó wọ́ bí ebè ẹ. Ìgbà wo lò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́?"

Mo ní kó má dúró dè mí, kó gbé e fáwọn ọmọ rẹ̀.