Obìnrin Kan Tí Wọ́n Kọ Sí Méjì

"Wò ó dáadáa," ni màmá àgbà kan tó ti gbá kírikẹ́ẹ̀tì rí wí, ó na ìka sí ògiri. "Obìnrin méjì kọ́ nìyẹn. Èmi kan ṣoṣo ni."

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kírikẹ́ẹ̀tì bọ́ awò ojú rẹ̀. Orúkọ àwọn obìnrin tó ní ìsáré, ìyẹn àmì ayò kírikẹ́ẹ̀tì, jù fún orílẹ̀-èdè ló wà lára pátákó tuntun tí wọ́n kàn mọ́ ògiri náà. Orúkọ tí màmá yìí ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀ wà ní ipò keje, èyí tó ń jẹ́ nílé ọkọ wà ní ipò kọkànlá. Bí wọ́n bá ro ìsáré méjèèjì pọ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún, kò sì sí obìnrin tó débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì, tó dé lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n kọ sókè pé òun ló kọ́kọ́ sá ẹgbẹ̀rún.

Inú ń bí màmá gidigidi. Àbí irú ìwọ̀sí wo nìyí? Òun tí bọ́ọ̀lù bà ní egungun ìhà, tó dìde, tó tún gbá èyí tó tẹ̀ lé e! Òun tó fi ọmọ oṣù mẹ́fà sílẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ kojú àwọn àjèjì! Àwọn tí kò di pákó ìgbábọ́ọ̀lù mú rí wá jókòó sábẹ́ fáànù, wọ́n gé e sí méjì bí ẹni gé iṣu.

Akọ̀wé ní kí màmá má bínú, ohun tó wà nínú ìwé máàkì, níbi tí wọ́n ń kọ ìsáré sí, làwọn kọ. Màmá ní kó gbé ìwé náà wá. Ọkọ rẹ̀ ló ń kọ máàkì fún wọn nígbà náà, òun ló sì sọ fún un pé ará ọ́fíìsì kan ló dédé yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó wọn. Ó bá a bú àwọn ará ọ́fíìsì títí ó fi kú.

Wọ́n gbé ìwé náà dé, ó ṣí i. Ẹnì kan ti fi bírò pupa fa ìlà sórí orúkọ bàbá rẹ̀, ó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sókè. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà kò ṣàjèjì. Ọwọ́ yẹn náà ló kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí màmá, òun ló kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn sára ìwé ilé-ẹ̀kọ́.

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́ ni, mà?"

Màmá pa ìwé náà dé. Gbogbo èébú tó dì wá láti ilé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò dà á sí mọ́. Akọ̀wé rọra bi í pé orúkọ wo ni kí àwọn fi sílẹ̀ lára pátákó.

"Ti bàbá mi."

Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi jọ ń bú àwọn ará ọ́fíìsì nídìí tábìlì oúnjẹ, ohùn ọkọ rẹ̀ ló sì máa ń ròkè jù.